Ògì Ìjọba àti Ojú Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Ìyá Dúró ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ẹ̀wà ló ń ṣà níwájú ilé wa ní Ṣógúnlé níbí, ó gbé atẹ lé itan, ó ń fi ìka kan ta kòkòrò dànù. Èmi ti di ọkùnrin tó níyàwó nílé nígbà náà, òun sì ti ń darúgbó. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ìka rẹ̀ ṣì mọ ẹ̀wà tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti dihò. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé àwa gan-an la pa ògì ìjọba?" Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, ta ló ń pa ògì?" Ó ní kí n wá ibì kan jókòó sí.

Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Tọ́lání, ìyàwó ọmọ mi, fi áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná. Aṣọ tó o fẹ́ wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la kò ní sá lọ. Iná tí wọ́n mú wá yìí ló lè sá lọ, ìyẹn sì ti mọ́ wa lára. Pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń lọ wọlé. Mi ò ní pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ìjọba rán wá láàárọ̀ yìí, mi ò ní nǹkan burúkú sọ nípa rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó pè mí ní Dádì. Ó ní ìjọba ní oúnjẹ tuntun kan tí wọ́n fẹ́ máa pín fún ọmọ wẹ́wẹ́, pé kí ẹ̀yin ìyá wá tọ́ ọ wò lọ́la, kí ẹ sì sọ bó ṣe rí lẹ́nu yín. Ó wá na fóònù sí wa. Ojú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan fajú ro. Ó ní èyí tó bá bá ọkàn yín mu ni kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀. Nígbà tí mo rí ojú mẹ́ta yẹn, ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ. Ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ti rin ọ̀nà jíjìn, tó wá gbójú sókè, tó rí i pé ẹnu ọ̀nà ilé tóun ti jáde lóun tún dúró sí.

Ó fún Tọ́lání ní ọ̀rá ìyẹ̀fun ògì kan pé kó lọ dán an wò. Ojú mi ló ṣe. Ìfẹ́, ọmọ-ọmọ mi, fi ahọ́n tì í jáde, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pa ẹnu dé títí ìyá rẹ̀ fi gbé abọ́ kúrò. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni o, tí egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Tọ́lání ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì pé, "Bó ti wù kó rí, a máa ní ó dùn ni jàre. Wọ́n ní wọ́n á fún wa ní báàgì." Mi ò bá a jà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan míì. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí irú báàgì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wúwo tó.

Nígbà tí a wà ní kékeré, etí la fi ń mọ ọjọ́ ní àdúgbò yìí. Ọkọ̀ ojú irin á ké ní Òṣòdì, ẹni tó ṣì ń sùn á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn wọléwọlé á kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà, wọn á fi tọ́ọ̀ṣì wo inú àmù, bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú omi, baálé ilé ti dèrò kóòtù nìyẹn. Tó bá wá di Ọjọ́bọ̀, agogo ilé ìwòsàn ìjọba á dún. Agogo yẹn kì í ṣe ti aláìsàn. Agogo ìwọ̀n ni. Wọ́n so òṣùwọ̀n kan mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò nínú ọgbà, ó ní àpò aṣọ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí, tí ẹsẹ̀ ọmọ á máa fì nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ á máa ké, àwọn ìyá á máa kọrin lé igbe wọn lórí. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí, obìnrin Ẹ̀gbá kan tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń lé orin náà. Orin ẹ̀wà, orin ẹ̀fọ́, orin ẹja. Kò sí orin orogún níbẹ̀, kò sí orin olówó. Oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Bí orin bá tán, epo ẹja ló kàn. Wọn á fún wa nímú, wọn á dà á sí wa lọ́fun. Ẹni tó bá tu ú dànù á gba òmíràn.

Lọ́dọọdún, kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ìfihàn ọmọ. Ìyá kọ̀ọ̀kan á wẹ ọmọ rẹ̀, á fi àdí pa á títí á fi máa dán bí ìgò, á gbé e wá kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá le jù lọ á gba ọṣẹ àti bàsíà. Lọ́dún kan, àbúrò mi obìnrin ni wọ́n fẹ́ fún ní ipò kìíní. Dókítà gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì tọ̀ sí dókítà lára láti orí táì dé ẹnu bàtà. Ọmọ Ìsọlọ̀ kan ló gba bàsíà. Títí bàbá mi fi kú ló ń sọ pé bí kì í bá ṣe ìtọ̀, ilé wa ì bá ní bàsíà méjì.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má rò pé mò ń sọ pé ayé dára nígbà náà. Ebi wà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ń gbé ebi náà sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wúwo tó. Lónìí, abẹ́ igi máńgòrò yẹn ti di ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ á nawọ́ sí àwòrán ẹyin lára ògiri, á ní kẹ́ ẹ lọ fún ọmọ ní ẹyin. Òun náà mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin ní Òkòtà. Bó ṣe ń nawọ́ sí i, ojú ló fi ń bẹ̀ yín.

Ìyá Dúró àti ọkọ rẹ̀ wá láti Èkìtì. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Ìsọlọ̀, yàrá wọn sì kọjú sí tiwa. Ọmọ méjì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí ẹ̀kẹta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Kí Dúró tó rìn gírígírí, ìyá rẹ̀ ti tún lóyún. Ó yára gba ọmú lẹ́nu ọmọ, torí wọ́n ní ọmú aboyún ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Láti ọjọ́ náà, ògì gbẹrẹfu ló kù fún Dúró, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Wọn ò fún un lẹ́yin, wọ́n ní ẹyin ń kọ́ ọmọ lólè. Ẹran jẹ́ ti bàbá. Kò pẹ́, irun Dúró pọ́n bí irun àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì ké. Ìyá Dúró sọ fún mi pé àìké yẹn ló ń ba òun lẹ́rù jù. Ó ní, "Ọmọ tó ń ké, ó ṣì ń bá ọ rojọ́. Èyí ti kó ẹjọ́ rẹ̀ nílẹ̀."

Àwọn ará ilé ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ibi tí àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ lòun náà ń lọ. Màmá mi ló fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé abẹ́ igi máńgòrò. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí gbé Dúró sínú àpò ìwọ̀n, ó wò ó, ó wo ikùn ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Dúró, ọmọ yìí ò lọ síbì kankan. Ebi ló ń pa á."

"Ebi kẹ̀, mà? Ó ń yó. Ó ń mu ògì títí á fi sùn lọ."

"Inú ikùn ni ògì yẹn ń dúró sí, kò dé ara. Ẹ gba èyí lọ, ẹ máa fi po ògì fún un."

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá ló gbé fún un. Ìyẹn ni ògì ìjọba. Lẹ́yìn ojú irin lọ́hùn-ún, ìjọba ní ilé kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí oúnjẹ. Ilé náà ti wó tipẹ́, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwa máa ń pè é ní Ilé Ìtọ́wò. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń pò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń yan sóyà náà nínú agbada lórí iná igi, wọn á máa rò ó lọ, rò ó bọ̀, títí á fi pọ́n. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí wa, òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò kan bí ẹ̀pà sísun, ajá tó sùn á dìde, á máa wá ibi tó ti ń bọ̀.

Dúró mu ún. Kò mu púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ó lá abọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́ igbe. Irun rẹ̀ dúdú láti ìdí wá, òkè rẹ̀ ṣì pupa, àwa ọmọdé wá sọ ọ́ ní Orí-ìṣáná. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́ bùṣe nínú yàrá yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí, kì í sì í ṣe ìkà ló wọ́ ọ. Ìjọba rí i pé ògì náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó má mọ sí àdúgbò wa nìkan, kó dé gbogbo ìpínlẹ̀. Ta ló máa bínú sí ìyẹn? Ṣùgbọ́n agbada kò lè yan ti gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n bá ra ẹ̀rọ kan tó ń fi ooru gbẹ sóyà kíákíá, tí kò nílò yíyan rárá. Ó yá, ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀gá Ilé Ìtọ́wò, Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń kọ́kọ́ kí àwọn tó ń gbálẹ̀ fún un, sọ pé kò yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ láìkọ́kọ́ bi ìyá wọn. Ó ní kí àwọn ìyá wá tọ́ ọ wò. Ẹ ò rí i pé ohun tó yẹ ló ṣe.

Wọ́n múra bí ẹni ń lọ sí ìsìn Ìkórè. Màmá mi wọ bàtà kan tó ń fún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n fi wọ́n sínú yàrá pátákó kéékèèké, kálukú ní tirẹ̀, kí ẹnì kan má baà máa wo ojú ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Fèrèsé kékeré kan wà níwájú, ọwọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ á ti abọ́ funfun wọlé. Ẹ wo àwọn obìnrin tí wọn ò jẹun rí láìpe ẹni tó wà nítòsí.

Màmá mi gba abọ́ tirẹ̀, ó gbóhùn sókè láti inú pátákó: "Ìyá Dúró, ẹ wá jẹun o."

Ohùn Ìyá Dúró wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì: "Á gba ibi ire o. Ẹ wá bá mi jẹ tèmi náà."

Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí, tó kó wọn wá, sáré dé. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bára yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ń ba ìdánwò jẹ́."

"Ṣé oúnjẹ ni àbí ìdánwò?"

"Méjèèjì ni, mà."

"Abájọ tí kò fi dùn," ni ẹnì kan wí láti ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ni gbogbo pátákó bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Dúró ní òótọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo wọn sì kà á sí.

Òun fúnra rẹ̀ fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó ń rùn bí ẹ̀wà tútù tí wọ́n lọ̀ láìsè, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ó gbé e mì. Ó gbé ìyókù mì pẹ̀lú, nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í ti abọ́ padà sí olóore. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó káàdì mẹ́ta síwájú rẹ̀, wọ́n ya ojú sí i, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀wé. Ojú kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan fajú ro. Ìyá Dúró wo èyí tó fajú ro dáadáa. Ó ní ó jọ ìyá ọkọ òun.

Ó wá ń rò ó pé: èèyàn pè mí wá sílé rẹ̀, ó fi abọ́ funfun gbé oúnjẹ fún mi, ó bu omi fún mi fọ ẹnu, oúnjẹ rẹ̀ ló sì dá ọmọ mi dúró láyé. Ṣé ojú yìí ni kí n wá mú kọ sí i? Ó mú ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi mú ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn pátá ló mú un. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó rẹ́rìn-ín jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọdá ojú irin tán, màmá mi bọ́ bàtà, ó ní, "Wọ́n gbìyànjú." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí èèyàn bá ti lè sọ pé olóúnjẹ gbìyànjú, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ògì tuntun dé, àpò lórí àpò. Òórùn bí ẹ̀pà sísun yẹn kò tọ̀ wá wá mọ́. Dúró gba ṣíbí kan, ó tu ú sára ìyá rẹ̀. Ìyá fi ṣúgà sí i, ó tu ú. Ó fún un nímú bí ẹni ń fúnni ní epo ẹja, ó mu ún, ó sì bì í. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà tún ń dákẹ́. Ìyá rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù á jókòó tì í, ṣíbí lọ́wọ́, kò ní mọ ohun tí òun ń dúró dè.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí á bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé wọ́n ń mu ún?" Wọn á ní, "Wọ́n ń mu ún, mà. Ẹ ṣé, ìjọba ṣé." Adìẹ ló ń mu ún lẹ́yìn ilé. Adìẹ àdúgbò yìí sanra lọ́dún náà débi pé èèyàn lè rò pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ìfihàn ọmọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lówó là ń ra èké. Àmọ́ òṣùwọ̀n kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé Dúró sínú àpò ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sì dúró níbi tó wà nígbà tí irun ọmọ náà pọ́n.

Nọ́ọ̀sì wo abẹ́rẹ́, ó wo ìyá ọmọ. "Ìyá Dúró, ẹ ní ó ń mu ún."

Ìyá Dúró ní òun fẹ́ tún sọ pé ó ń mu ún. Ó ti dé ẹnu òun. Ohun tó jáde ni, "Kò mu ún rí, mà. Kò ṣeé mu. Èmi ni mo ní ó dùn."

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Kì í ṣe èmi ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún."

Báyìí ni ó ṣe gbé oyún, tó pọn Dúró, tó rìn lọ sí Ilé Ìtọ́wò. Ó ní gbogbo ọ̀nà lòun fi ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dún bí èébú. Kò rí ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé dìde fún un, ó fún un ní àga tirẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹrù yín ti pọ̀ jù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn."

"Ẹ ṣé, sà. Ògì yẹn ni mo bá wá. Kò dùn."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Màmá. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni gbogbo yín mú."

"Ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ fún wa, sà. Ta ló ń jẹun olóúnjẹ tán tó ń fajú ro sí i?"

Ó ń retí kí ọkùnrin náà bínú. Kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ún, ó nu ún ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Èmi náà tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó dé. Ó ń rùn lẹ́nu mi. Nígbà tí gbogbo yín wá ní ó dùn, mo ní á jẹ́ pé ẹnu tèmi ló bàjẹ́."

"Ẹ̀yin náà, sà?"

"Èmi náà. Ọ̀gá tó jù mí lọ tún wá, ó tọ́ ọ wò níwájú mi níbí. Ó ní a ṣe dáadáa. Mo rí bó ṣe yára wá omi. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé, sà, ẹ tún un sọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí Dúró wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé ẹ ò lè padà sí agbada, sà?"

"Wọ́n ti ta agbada. Àwọn tó ń yan án ti bá ọ̀nà tiwọn lọ. Ìwé ti lọ sókè pé àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ fún àwọn ìlú yòókù. Mo máa kọ òmíràn lónìí, mo máa sọ pé a ṣì í. Àmọ́, Màmá, ọ̀rọ̀ máa ń yára gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ."

Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbọn ìsàlẹ̀ àpò tí ti àtijọ́ kù sí, ó bu ú sínú agolo mílíìkì fún un. Ó tún júwe bí wọ́n ṣe ń yan án: kí iná má pọ̀, kí ọwọ́ má dúró, kó má gbé e kalẹ̀ títí òórùn ẹ̀wà tútù á fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Agolo yẹn ló mú Dúró dé ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rí sóyà tirẹ̀ rà. Ó bí àbúrò rẹ̀ tán, ó ń fi ọwọ́ kan fún ọmọ lọ́mú, ó ń fi èkejì yan sóyà. Dúró náà nìyẹn tẹ́ ẹ mọ̀ sí Bàbá Ṣeun, tó ń lẹ táyà ní Àílégùn, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ń dé kí òun tó dé.

Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé kọ ìwé kejì lóòótọ́. Ìwé náà lọ, ó pẹ́. Nígbà tí èsì dé, àwọn mìíràn ti wà lórí àga. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé àwọn ìyá kò fún ọmọ mu, á jẹ́ pé wọn ò fẹ́ oúnjẹ ìjọba, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan míì. A ò fìgbà kan sọ pé a ò fẹ́. A ní ó dùn ni. Kòkòrò jẹ àwọn àpò tó kù. Wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kì í kọrin. Agogo Ọjọ́bọ̀ dún, ó ń dín kù, ó dákẹ́. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó dákẹ́ gan-an. Bí nǹkan ṣe máa ń lọ nìyẹn, ẹ kì í gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ.

Ìyá Dúró kọ́ àwọn aládùúgbò ní yíyan, àwọn kan gbà á, àwọn kan ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Obìnrin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń jáde lọ sí iṣẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó ké. Níbo ló ti máa rí àkókò dúró ti agbada? Nítorí irú rẹ̀ gan-an ni ìjọba ṣe ń yan án tẹ́lẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ kò rí ọdún Àjíǹde. Nígbà tí Ìyá Dúró dé ibẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Páálí lásán ni ojú yẹn. Mo fẹ́ ṣe dáadáa sí ẹni tó ṣe mí lóore. Ọmọ ọlọ́mọ ló san án." Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Láti ìgbà náà, mo ti rí oríṣiríṣi wọn. Mo rí èyí tó mú ìwé wá, mo rí èyí tó mú kámẹ́rà wá, èyí tó mú fìlà wá wà nínú wọn. Wọn á ní ṣé ètò ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ wa. A ó ní ó ń dé, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Wọn á lọ. Àwọn ọmọ á máa jẹ núdùùsì gbígbẹ láàárọ̀, kí wọ́n máa mu omi aláwọ̀ inú ọ̀rá lé e. Mi ò sọ pé kí ìjọba má wá o. Kò sí baba ọmọ kan tó lè yan sóyà fún gbogbo ìlú. Agbada ìjọba nìkan ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ahọ́n. Ahọ́n tó ní ni èyí tó wà lẹ́nu yín, bí ìyẹn bá sì ti purọ́ fún un, afọ́jú ló ń se oúnjẹ nìyẹn.

Mo rí ẹ, Bùkọ́lá, tó ò ń rẹ́rìn-ín sínú. Sọ ọ́ síta.

"Mo ní ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo, Bàbá."

Dòdò kọ́ ni wọ́n fẹ́ fún yín. Ògì ni.

"Bàbá," Tọ́lání náà ní, "ṣé ká wá máa bú wọn ni? Ọmọ yẹn kí wa dáadáa."

Ó kí wa dáadáa. Ohun tí mo bi Ìyá Dúró nìyẹn lọ́jọ́ náà, mo ní, ká ní ẹ tún padà sínú yàrá pátákó yẹn, ṣé ẹ máa bú u? Ó ní rárá. Ó ní òun máa dúpẹ́ oúnjẹ, òun máa dúpẹ́ omi, òun máa ṣàdúrà fún ilé náà, òun á sì wá sọ pé kò dùn. Ó ní ẹnu kan náà lè ṣe gbogbo rẹ̀, òun kò kàn tètè mọ̀ ni.

Ìyẹn náà ni mo ní. Ẹ má ní kí n bá yín lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ mọ́, wọn ò sì pe bàbá àgbà. Ìfẹ́ ló sùn sórí ẹní yẹn, ẹ wò ó bó ṣe la ẹnu sílẹ̀. Ẹnu tó kọ̀ ọ́ lọ́sàn-án òní nìyẹn. Kò tíì mọ olóore, kò tíì mọ àlejò, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ pé kó máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò ṣeé gbé mì. Òun kọ́ ni wọ́n sì máa na fóònù sí. Tọ́lání, bó bá di ọ̀la, tí ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ díẹ̀, tó pè ọ́ ní Màmá, tó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú wo lo máa tẹ̀?